Ọwọ́ ni mo máa ń wò: fíìmù ìjà, fíìmù jẹ́ẹ́jẹ́ àti eré ilẹ̀ òkèèrè

Oníná_Láwáńsìn

Ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Láwáńsìn níbí, ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo gbé wá, ẹ bá mi dá sí i.

Ní Sátidé tó kọjá, iná ò sí, oníbàárà ò yọjú, ni ọmọ iṣẹ́ mi bá gbé fíìmù kan sí wa níwájú lórí fóònù rẹ̀. Eyimofe lorúkọ rẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń sọ pé “èyí mo fẹ́”. Èkó níbí ni wọ́n ti yà á, àwọn ìbejì kan, Arie àti Chuko Esiri, ló darí rẹ̀, ó sì jáde ní 2020. Berlin, ní Jámánì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi han aráyé. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Mofe, iṣẹ́ iná ló ń ṣe ní fákítírì, ó fẹ́ lọ Sípéènì. Obìnrin onídìrí kan náà wà níbẹ̀, Rosa, Ítálì ni tirẹ̀.

Wọ́n gbé ojú kàmẹ́rà sún mọ́ àpótí iná kan. Wáyà kún inú rẹ̀, ó lọ́ mọ́ra bí ìfun ẹran tí wọn ò tíì fọ̀. Mo ní kí ọmọ náà dá a padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Mo mọ àpótí yẹn. Mo ti kó ọwọ́ sí irú rẹ̀ lẹ́yìn ilé ní Ìdí-Òró, mo ti kó ọwọ́ sí irú rẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn ní Òjùẹlẹ́gba. Láti kékeré ni mo ti ń rí oníná nínú fíìmù: á di sukurudiráfà mú bí ẹni di ṣíbí mú, á fi kan ibì kan, iná á tàn, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Àwọn méjì tó bá wa jókòó dìde kí wákàtí kan tó pé. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Èrò mi rèé. Ìbáà jẹ́ fíìmù ìjà, ìbáà jẹ́ irú èyí tó ń rọra lọ, ìbáà jẹ́ ti Íńdíà tàbí ti Kòríà, ọwọ́ ni mo máa ń wò. Bí ọwọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ bá mọ ohun tó ń ṣe, ojú mi kì í kúrò níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń parọ́, kí wọ́n fọ́ ọgọ́rùn-ún mọ́tò mọ́ra, kò wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ń wò?

Kúnlé_Ọ̀jọ́ta

Ẹ̀gbọ́n Oníná, mo kí yín o. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń kúrò ní Ọ̀jọ́ta lọ síbi iṣẹ́ ní Marina. Lálẹ́, mo lè lo wákàtí méjì àbọ̀ lórí Third Mainland, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ohun tó falẹ̀ ti tó mi kí n tó délé. Tí mo bá wá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo fẹ́ kí nǹkan gbéra. Kí ẹnì kan máa lé ẹnì kan, kí ilẹ̀kùn já, kí ẹni burúkú jẹ palaba ìyà. Ara mi á sì fúyẹ́, mo lè sùn.

Ẹ wo A Tribe Called Judah tí Funke Akindele gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023. Òun ni fíìmù ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ pa bílíọ̀nù kan náírà ní ilé sinimá. Ìyá kan ló ń ṣàìsàn, ni ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún bá fẹ́ lọ jalè nítorí rẹ̀. Èèyàn tò lórí ìlà, wọ́n sanwó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún. Àwọn wọ̀nyẹn náà ní ojú. Ṣé ẹni tó ń gbé fíìmù lọ sí Berlin nìkan ló mọ ohun tó dáa ni?

Sẹ́gun_Baríga

Bí Kúnlé ṣe wí gẹ́lẹ́. Fíìmù tó bá gbé mi sùn, dátà mi ló jẹ gbé.

Tẹ̀mí_Yábàá

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Bọ̀dá Oníná, ẹ ṣeun gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé ohun tí ẹ sọ yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Fíìmù kan wà láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, Jeanne Dielman la máa ń pè é ní ìkékúrú. Chantal Akerman ló ṣe é ní 1975, kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n lọ nígbà náà. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Opó kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ ni, nínú ilé wọn ní Brussels. A ń wò ó bó ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe ń fọ abọ́, bó ṣe ń bó pòtétò. Wọn ò gé e kúrú. Bó bá bó pòtétò, a jọ bó o ni. Ní 2022, ìwé ìròyìn Sight and Sound ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bi àwọn tó ń lámèyítọ́ fíìmù kárí ayé, òun ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́ nínú gbogbo fíìmù tí aráyé tíì ṣe. Kò sí obìnrin tí fíìmù rẹ̀ ti dé ipò yẹn rí.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, èmi náà bínú. Mo ní kí leléyìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì nínú fíìmù náà, obìnrin yìí gbàgbé pòtétò sórí iná, ó sè kọjá bó ṣe yẹ. Kò ju ìyẹn lọ. Àyà mi là gààrà. Torí pé mo ti mọ ọwọ́ rẹ̀ látìgbà tí mo ti ń wò ó, mo mọ̀ pé nǹkan ti wọ inú ilé yẹn. Kò sí ìbọn kankan tó ti dẹ́rù bà mí tó pòtétò yẹn.

ÌyáÌbejì_Mushin

Tẹ̀mí ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ọgbọ́n orí rẹ. Mi ò wo fíìmù yẹn rí, àmọ́ mo ti mọ obìnrin náà.

Oúnjẹ ni mò ń tà ní Mushin, ó ti lé lógún ọdún. Ọwọ́ mi mọ iye iyọ̀ tí ìkòkò ìrẹsì kan ń gbà, mi ò kì í wọ̀n ọ́n. Lọ́dún tí wọ́n gbé bàbá àwọn ìbejì wọ ọsibítù, mo ṣì jáde wá dáná, torí pé owó ọsibítù náà, ibẹ̀ ló ń bọ̀ wá. Mo fi iyọ̀ sí ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì. Oníbàárà mi kan, awakọ̀, kò bínú. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, “Ìyá Ìbejì, ta lara rẹ̀ ò yá?” Bí olóúnjẹ bá ba oúnjẹ jẹ́, ẹ má béèrè ata, ẹ béèrè ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wí tèmi náà nípa ti òkèèrè. Eré Kòríà yẹn, Jewel in the Palace, tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ní 2003, tí wọ́n wá ń fi hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n níbí. Mo máa ń pa ìsọ̀ dé nítorí rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tó wọ ààfin láti kọ́ṣẹ́ oúnjẹ ọba ni, Jang-geum, títí tó fi di oníṣègùn ọba. Ìgbà tó wà ní kékeré, olùkọ́ wọn fún wọn lẹ́ran tọ́ wò, ó béèrè ohun tó mú un dùn. Ó ní èso ilẹ̀ wọn kan báyìí ni. Wọ́n ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní adùn èso yẹn ló ta sí òun lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí òun fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo fò dìde lórí àga! Kí ni ọmọ tún fẹ́ sọ? Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu alásè ṣe ń rí. Kò sí ẹni tó gbá ẹnì kankan létí nínú ìran yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo wa la fọwọ́ lérán.

Mo sì gbọ́ pé ìbejì ló darí fíìmù Oníná. Ẹdùn á máa gbé wọn ga.

Kúnlé_Ọ̀jọ́ta

Ẹ ṣé o, Ìyá Ìbejì, ara bàbá á ti le báyìí. Àmọ́ ẹ jẹ́ n tún sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ ń wí, fíìmù ìjà gan-an ló ni ọwọ́.

Ẹ mú Jackie Chan. Bó bá fẹ́ jà, ohun tó bá wà nílé náà ló máa lò: àkàsọ̀, àga, aṣọ, ìkòkò. Ẹ máa rí gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ bó ṣe ń gba àárín àkàsọ̀ kọjá, tó ń yí i, tó fi ń dènà ọ̀pá. Nígbà tó ń ya Armour of God ní Yugoslavia, ó fò sórí ẹ̀ka igi, ó já bọ́, agbárí rẹ̀ fọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó padà wá parí fíìmù. Bí eré bá parí, á tún fi ibi tó ti ṣèṣe hàn wá, ibi tí àga ti bà á létí, ibi tó ti ń fi ọwọ́ di orúnkún. Ṣé oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́ nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n Oníná, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà.

Ẹ tún wá The Raid ti Indonéṣíà, 2011. Ilé gogoro kan, ọlọ́pàá wọlé, wọn ò rí ọ̀nà jáde. Ìjà ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní silat ni wọ́n ń jà. Kò sí ẹsẹ̀ tó gbéra lásán.

Ohun tí mo kórìíra ni àwọn fíìmù ìjà kan tó wà nígboro báyìí. Ọwọ́ á gbéra, ẹ ò ní rí ibi tó bà. Kàmẹ́rà á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Tí ó bá fi máa dúró, ẹnì kan ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ nìyẹn. Ìjà ni mo sanwó fún, ariwo ni wọ́n fún mi.

Agéfíìmù_Sùúrùlérè

Ẹ jẹ́ n dá sí èyí, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ni. Èmi ni wọ́n máa ń gbé àwòrán wá fún kí n gé e, kí n tò ó pọ̀.

Kúnlé, ìdí tí wọ́n fi ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ò lọ́jú pọ̀. Òṣèré tí ò kọ́ ìjà, tí wọ́n fún ní ọjọ́ méjì péré láti fi dánra wò, bí ẹ bá gbé kàmẹ́rà jìnnà sí i, gbogbo ayé á rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ò dé ara ẹni tó ń lù. Ohun tí èmi á ṣe nìyí: ọwọ́ gbéra, mo gé e, ojú ẹni tí wọ́n lù, mo gé e, mo fi ìró “gbì!” sí i, ẹni náà ti ṣubú. Ẹ̀yin lẹ bá mi parí ìjà náà lọ́kàn yín. Mo ti fi ọ̀bẹ mi bo àṣírí òṣèré mọ́lẹ̀ báyìí lọ́pọ̀ ìgbà, inú mi ò sì dùn sí i rí. Bí olùdarí bá fún àwọn èèyàn rẹ̀ lóṣù mẹ́ta láti kọ́ṣẹ́, èmi náà á jókòó jẹ́ẹ́, á sì kù díẹ̀ tí mo máa gé.

Ìyẹn ló mú John Wick yàtọ̀ nígbà tó jáde ní 2014. Chad Stahelski, ọ̀kan nínú àwọn tó darí rẹ̀, òun ló ń fò dípò Keanu Reeves, òṣèré tó ṣe John Wick, tó ń ṣubú dípò rẹ̀, nínú The Matrix ní 1999. Ẹni tí ara rẹ̀ ti gba ilẹ̀ rí ni. Ó mọ̀ pé ìjà kò yẹ ní bíbò mọ́lẹ̀. Ó gbé òṣèré lọ kọ́ júdò àti ìbọn yíyìn fún oṣù mélòó kan, ó wá gbé kàmẹ́rà sẹ́yìn, ó ní ẹ máa wò.

Ní ti Eyimofe, orí fíìmù gidi ni wọ́n yà á sí, ìyẹn 16mm. Ohun tó máa ń yí gbùrùgbùrù nínú kàmẹ́rà ni, owó ló ń jó lọ ní gbogbo ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń náwó báyẹn kì í ya ohun tí kò nílò. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé wọ́n jókòó ti àpótí iná fún ìgbà pípẹ́, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti rò ó kí wọ́n tó tan kàmẹ́rà.

Alàgbà_Làfíàjí

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú.

Ọ̀rọ̀ fíìmù òkèèrè kì í ṣe ohun tuntun nílùú yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá hàn nílẹ̀ yìí, ní Glover Memorial Hall, ní Erékùṣù Èkó wa níbí. Ti òkèèrè ni ohun tí wọ́n fi hàn. Nígbà tèmi, ti Ṣáínà àti ti Íńdíà ló gba ìgboro. Mo ti rìn dé Pen Cinema ní Agége nítorí Bruce Lee, kí ibẹ̀ tó di ibùdókọ̀, kó tó wá di bíríìjì. Bruce Lee kú ní 1973, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, àwa ò sì gbà pé ó kú. A ṣì ń lọ wò ó lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n Oníná, ohun kan wà tí o gbàgbé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjà wa kì í ṣe ti ọwọ́ nìkan. Ẹnu la fi ń jà. Ní 1979 tí Bàbá Ogunde gbé Aiye jáde, Ola Balogun ló darí rẹ̀, Ogunde fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá tó dojú kọ àwọn àjẹ́. Mo wò ó ní Ìgànmú. Nígbà tí ọfọ̀ bẹ̀rẹ̀, gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Wọn ò fọwọ́ kan ara wọn, síbẹ̀ mo rí àgbà ọkùnrin tó di apá àga mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Agbára ọfọ̀ wà nínú bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pe ara wọn. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: tẹ̀tẹ̀, tẹ́. Ewé náà ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ sínú orúkọ rẹ̀. Bí ẹni tó sọ ọ́ bá ṣi ohùn pè, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Nítorí náà bí mo bá ń wo fíìmù àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n fi ogun àti oògùn ṣe, irú Jagun Jagun ti 2023, etí ni mò ń kọ́kọ́ dẹ sí i. Ẹlòmíràn á fi gbogbo ara jà, á wá ka ọfọ̀ bí ẹni ń ka ìwé owó iná. Ẹlòmíràn á ṣí ẹnu, irun ara mi á dìde.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí o sọ náà tọ̀nà, mi ò ní kó má tọ̀nà. Ní 2023 tí Gangs of Lagos jáde, tí wọ́n fi aṣọ Ẹ̀yọ̀ bo apànìyàn lára, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó náà sọ̀rọ̀. Ohun tó dun èmi jù ni ọ̀pámbàtà, ọ̀pá tí Ẹ̀yọ̀ ń gbé lọ́wọ́. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbé e, bí wọ́n ṣe ń fi kí èèyàn. Kì í ṣe kóńdó.

Kúnlé_Ọ̀jọ́ta

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo wo Gangs of Lagos, mo gbádùn ìjà rẹ̀, mi ò sì ronú kan ọ̀pámbàtà rárá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mi ò mọ bí ó ṣe ń dun ẹni tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

Àdùnní_Agége

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ òkèèrè, ẹ wá wo ilé wa ní Agége ní alẹ́.

Ìyá àgbà mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọn ò gbọ́ Òyìnbó. Zee World, ìkànnì eré Íńdíà, ni wọ́n ń wò. Láti 2015 tí wọ́n ti gbé e wá sórí DStv, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan rìmóòtù ní àkókò náà. Wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn ará Íńdíà lẹ́nu, ẹnu á ti pa dé, ohùn á ṣì máa bọ̀. Ìyá àgbà ò tiẹ̀ gbọ́ ohùn yẹn. Ojú àti ìborùn ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ní, “Ẹ wò ó, ó ti fa ìborùn bo orí. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló ń bọ̀.” Kò ní pẹ́, bàbá ọkọ á wọlé lóòótọ́. Wọ́n ti sọ gbogbo wọn lórúkọ: Ìyá Ọkọ, Aláìnítìjú, Ọmọ Ẹni-Ire, Dókítà Tó Dákẹ́. Àwọn obìnrin ilé tó wà lẹ́yìn wa máa ń wá jókòó kí ìyá àgbà lè máa sọ ìtàn náà fún wọn bó ṣe ń lọ.

Ẹ mọ bí àwọn ará Íńdíà ṣe máa ń fi ojú ẹnì kan hàn lẹ́ẹ̀mẹta, tí ààrá á máa sán? Ẹ̀gbọ́n mi tó ka fásitì máa ń ní ó ń bí òun nínú. Ìyá àgbà dá a lóhùn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Wọ́n ń fún mi láyè kí n rí i ni. Ìgbà tí ẹnì kan bá gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ha ni ojú rẹ̀ ń yí bí?” Mo ti ń fi ìyẹn wo ojú àwọn èèyàn láti ọjọ́ náà.

Tẹ̀mí_Yábàá

Mo nífẹ̀ẹ́ ìyá àgbà yín láìrí wọn. Ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ kí wọ́n máa fi ohùn ẹlòmíràn sí òṣèré lẹ́nu. Ohùn wà lára iṣẹ́ tó ń ṣe. Èmi fẹ́ gbọ́ Kòríà náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí n máa ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Bí obìnrin kan bá ń bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ ní èdè Kòríà, ohùn á lọ sílẹ̀ báyìí, ẹ máa mọ̀ pé ó ń fi ọ̀wọ̀ sí i bí àwa ṣe ń fi “ẹ” sí ti àgbà. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, “you” ni gbogbo wọn.

Oníná_Láwáńsìn

Tẹ̀mí, ọ̀rọ̀ ohùn yẹn wọ̀ mí lára, àmọ́ gbọ́ ìyọnu tèmi. Bí mo bá ń ka ìsàlẹ̀, mi ò rí òkè. Ní 2021 tí gbogbo èèyàn ń wo Squid Game, eré Kòríà yẹn, ibì kan wà tí wọ́n fún wọn ní ṣúgà tí wọ́n yọ́ pẹlẹbẹ, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ àwòrán tó wà láàárín rẹ̀ láìjẹ́ kó ṣẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ, ó kú nìyẹn. Ọkùnrin kan nínú wọn wá yí i padà, ó ń fi ahọ́n lá ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè yọ́. Mo dúpẹ́ pé wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, torí ká ní ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ ni, ìka ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n ìbá ti fò mí.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Làfíàjí sì ti jẹ́ kí n máa ro ti àwọn tó ń wo tiwa lókèèrè. Ẹni tó wà ní Kòríà tó ń wo Jagun Jagun, wọ́n á kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún un pé ẹ̀fọ́ kan ò ní dójú tì láàárín àwọn ẹ̀fọ́ yòókù. Á máa wò ó pé kí ló kan ẹ̀fọ́ nínú ìjà.

Agéfíìmù_Sùúrùlérè

Ìyẹn gan-an ni. Mo ti jókòó ti ẹni tó ń túmọ̀ ọfọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà méjì péré ló ní àyè fún, kí ó sì tó kà á tán, ẹni tó ń ké e ti dé ìlà karùn-ún. Ó kọ “May I prevail”, ó bá tirẹ̀ lọ. Mi ò lè bá a wí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá sí ti òkèèrè lẹ́nu fún àwọn bí ìyá àgbà Àdùnní, kí a sì kọ ìsàlẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn bíi Tẹ̀mí. Ọ̀nà méjèèjì ni. Òṣèré tó ní ohùn pọ̀ nílùú yìí tí wọn ò ríṣẹ́ ṣe.

ÌyáÌbejì_Mushin

Wọ́n bá fi Yorùbá sí i lẹ́nu, èmi ni n ó kọ́kọ́ san owó. Kí wọ́n má ṣá lo Yorùbá tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́.

Tẹ̀mí_Yábàá

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó dùn mí kí n tó lọ. Ní 2025, My Father’s Shadow ti Akinola Davies Jr. wọ àkójọ àjọ̀dún Cannes, ní Faransé. Kò sí fíìmù Nàìjíríà tó ti wọ ibẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Bàbá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wá sí Èkó fún ọjọ́ kan, ní àkókò ìdìbò June 12, 1993. Nígbà tó dé ilé sinimá níbí, mo lọ sí ọ̀kan. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń fi hàn, ní aago mọ́kànlá àárọ̀, ọjọ́ iṣẹ́. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ. Àwa mẹ́rin la wà nínú gbọ̀ngàn. Bàbá àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn mi tó ń sọ orúkọ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń fi hàn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, fún ara rẹ̀. Mo rò ó títí mo fi délé: àwọn èèyàn mélòó ni ìbá ti wá jókòó ti bàbá yẹn, ká ní aago méje alẹ́ ni?

Kúnlé, àwọn tó sanwó fún fíìmù tìrẹ ní ojú lóòótọ́. Tiwa náà, kí wọ́n fún wa ní alẹ́ kan.

Kúnlé_Ọ̀jọ́ta

Mi ò lè ta ko ìyẹn, Tẹ̀mí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Oníná, n ó wo Eyimofe yín lálẹ́ òní, nítorí yín.

Sẹ́gun_Baríga

Kúnlé, wá sọ fún wa bí o bá sùn.

Kúnlé_Ọ̀jọ́ta

Mo ti wò ó. Mi ò tíì parí rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ lóòótọ́, mo ti ń wo aago. Ni mo bá dé ibi tí Mofe ti wọlé, tó bá arábìnrin rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ti pa wọ́n sójú oorun.

Mo dá fíìmù dúró. Jẹnẹrétọ̀ tèmi ń dún lọ́wọ́. Inú pásééjì ló wà, láàárín ilẹ̀kùn kíṣìnì àti yàrá àwọn ọmọ, torí mò ń sá fún olè. Ọdún mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀. Mo dìde, mo pa á, mo ṣí fèrèsé gbogbo, mo jí àwọn ọmọ. Ìyàwó mi ní kí ló dé. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ pé fíìmù ni. Mo ń wọ́ ọ lọ sẹ́yìn ilé ní aago mọ́kànlá òru nígbà tí aládùúgbò mi yọjú, ó bi mí pé kí ni mò ń kó. Mo sọ fún un. Ó dúró díẹ̀, ó ní kí n wá bá òun gbé tòun náà.

A ti fi ẹ̀wọ̀n so méjèèjì mọ́ òpó lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n Oníná, wáyà tó wà níbẹ̀ ò gùn dé inú ilé mọ́. Mítà mélòó ni kí n rà?

Oníná_Láwáńsìn

Kúnlé, o ṣeun. O ṣeun gan-an.

Má fojú díwọ̀n ọ́n. Fi okùn wọ̀n ọ́n láti ibi òpó dé ibi súìtì, gba ara ògiri, kí o tún fi mítà méjì lé e. Wáyà 2.5mm ni kí o béèrè, kì í ṣe 1.5mm tí wọ́n á fẹ́ tà fún ọ torí pé ó dínwó. Yẹ̀ ẹ́ wò bí fèrèsé yàrá ẹnikẹ́ni, tìrẹ tàbí ti aládùúgbò, bá dojú kọ ibi tí èéfín ń gbà jáde. Bó bá dojú kọ ọ́, ẹ tún gbé e kúrò.

Mò ń bọ̀ ní Ọ̀jọ́ta lọ́jọ́ Àìkú, bí aago méjì. N ó so ti ẹ̀yin méjèèjì. Má tàn án títí n ó fi dé.